Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Pàtẹ́wọ́ Nítorí Bodè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Badagry, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ dáa nílé wa, kó wo abẹ́ abíyá bàbá mi nígbà tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bí ìwé ìròyìn bá wà níbẹ̀, ọjọ́ ti dáa. Bí mọ́tò tó ń kó ìwé náà bọ̀ láti Èkó bá bàjẹ́ sọ́nà, gbogbo wa la máa mọ̀, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí a kò fi gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní gbàgbé àsìkò náà, ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n fi kún owó oṣù, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá wá ń fi alùpùpù kọjá níwájú ilé ẹni. Àwọn kan ra fáànù, àwọn kan fẹ́ ìyàwó sí i. Rédíò ńlá kan ni bàbá mi rà, ó sì ń ra ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Ìyá mi ní ìyàwó tó fẹ́ lé òun náà nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pé jọ sábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé wa. Àlàájì tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Èmi ni mo máa ń kàwé sókè. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìyá àgbà tó bí ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, á jókòó sórí àpótí, á máa ṣa ẹ̀wà, á sì máa fi èdè Ègùn sọ èyí tó bá wù ú nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ìka bàbá mi á ti kan mí lórí. Ẹni tó bá sì fa ìwé náà ya kí Àlàájì tó wo àwòrán inú rẹ̀ tán, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á dáadáa, ìyá mi á fún mi ní àbólò gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé, pẹ̀lú ẹja díndín tí ata ti wọ̀ dé egungun. Mo gbà pé àbólò yẹn ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ju tíṣà lọ.

Ìròyìn òkèèrè ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ ò bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bínú nítorí àwọn ènìyàn dúdú tó ń jìyà lábẹ́ òyìnbó ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Àlàájì tí kò tíì rìn kọjá Ìbàdàn rí á dìde, á ká ọwọ́ agbádá sókè, á ní kí wọ́n sáà fi òun àti àwọn òyìnbó yẹn sínú yàrá kan. Mo mọ orúkọ àwọn ìlú ọ̀hún kí n tó mọ àwọn abúlé ẹ̀yìn Kankon nítòsí wa. Bí ọ̀rọ̀ bá jìnnà, ìwé ìròyìn wa á gbóná. Bó bá kan ilé, á tutù: mínísítà ṣí afárá, mínísítà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn olóṣèlú dé, ìwé kọ̀ọ̀kan wá ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bàbá mi ra méjì lọ́jọ́ kan lórí ìpàdé ìpolongo kan náà. Nínú ọ̀kan, èrò kún pápá débi pé abẹ́rẹ́ kò ríbi balẹ̀. Nínú èkejì, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Ó tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Èrò wá, ewúrẹ́ náà wá."

Lẹ́yìn náà ni owó epo gbẹ, tí àwọn ṣọ́jà sì padà sórí oyè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò dàgbà sí etí bodè. Lójú tiwa, Àjàṣẹ́ tó wà ní òdìkejì bodè kì í ṣe òkèèrè. Ẹni tó ń lọ sí Èkó ló ń rìnrìn àjò, òun ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ kàn jáde ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́yàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú, ibẹ̀ sì ni Àǹtí Máùtìn, àbúrò ìyá mi, ń gbé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àǹtí bímọ, ìyá mi di ẹja gbígbẹ àti ata sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò ní pẹ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọbẹ̀ jóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn dé pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà lójú ewé àkọ́kọ́: ìjọba ti ti gbogbo bodè ilẹ̀ wa. Mo kà á láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọ́n ní fàyàwọ́ ti dópin, wọ́n ní àwọn ará òkèèrè kò ní rí owó wa àti epo wa kó lọ mọ́. Bàbá mi dìde, ó pàtẹ́wọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Tipẹ́tipẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é!"

Àlàájì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ohun tí bàbá mi bá pàtẹ́wọ́ fún, ohun rere ni. Ìyá àgbà rọra gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ẹ kú àtẹ́wọ́ o, Bàbá Sẹ̀nà. Ọmọ mi tó wà l'Ájàṣẹ́ ń kọ́?"

Sẹ̀nà ni orúkọ mi. Mo rí i bí ọwọ́ bàbá mi ṣe dúró sójú kan. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé Àjàṣẹ́ ló wà, ó sì ti gbọ́ pé wọ́n ti bodè. Ṣùgbọ́n bodè inú ìwé ìròyìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, Àjàṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, àwọn méjèèjì kò tíì pàdé nínú orí rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, ìyá mi kò dé. Mo jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, bàbá mi jẹ ẹ́ tán, ìka rẹ̀ kò kan mí lórí, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Tó bá ti iṣẹ́ dé, á ṣí ìwé ìròyìn, á wo ibi tí wọ́n kọ ìròyìn ilé sí, á wo ti òkèèrè, á tún padà sí iwájú. Kò sí ẹni tó kọ̀wé nípa àwọn tó há sí òdìkejì. Nínú ìwé yẹn, gbogbo ẹni tó bá wà létí bodè, fàyàwọ́ ni. Lọ́jọ́ kan tí Àlàájì ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bàbá mi dá a dúró.

"Àlàájì, ìyàwó mi lẹ̀ ń sọ yẹn o."

Àlàájì ká agbádá rẹ̀, ó gba ilé lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé páálí ṣúgà wá, ó ní ahọ́n òun ló ṣìnà.

Ìyá àgbà ló wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe nílé wa. Ó fọwọ́ kan rédíò. Ó yí i kúrò ní Èkó, ó yí i dé Kútọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń fi Ègùn sọ̀rọ̀. Àwórì láti apá Òjó ni bàbá mi, Ègùn tirẹ̀ kò ju ìkíni lọ, ṣùgbọ́n ó jókòó tì í. Ìkéde ẹbí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: ẹni báyìí kú, ẹni báyìí bímọ, kí àwọn ará ilé báyìí wá sí ìsìnkú. Ìyá àgbà á gbọ́, á túmọ̀, bàbá mi á máa wo ẹnu rẹ̀. Níbẹ̀ la ti gbọ́ lọ́jọ́ kan pé wọ́n á ṣí ọ̀nà fún wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí àwọn tó há lè padà sílé.

A ti wà létí títì kí oòrùn tó ràn. Nígbà tí mo rí ìyá mi tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, eruku dé orúnkún rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá mi sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó gba apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e ru, akọ̀wé ìjọba pẹ̀lú ṣòkòtò lílọ̀, ó sì rù ú la ìlú kọjá. Mo fẹ́ràn bàbá mi lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé gbogbo ìka tó ti kan mí lórí.

Ìwé ìròyìn tó dé lẹ́yìn ìyẹn kọ ọ́ pé bodè wà ní títì gbọn-in, eṣinṣin kan kò tíì kọjá. Bàbá mi kà á fún ìyá mi.

"Wọn ò parọ́," ni ìyá mi wí. "Èmi kì í ṣe eṣinṣin."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀ ló wá sọ fún wa pé Àǹtí Máùtìn ti bí obìnrin, ṣùgbọ́n ibà dá a wólẹ̀, kò lè dìde, ó di etí aṣọ òun mú, ó ní kí òun má lọ. "Mo já aṣọ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní, ó sì kọjú sí ògiri. Àǹtí Máùtìn yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n fi máa fojú kan ara wọn, ọmọ náà ti ń sáré.

Lóde òní, ìròyìn kì í dúró de mọ́tò mọ́. Àwọn ọmọ mi mọ ohun tí ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè sọ láàárọ̀ yìí, wọn ò sì mọ orúkọ káńsílọ̀ wa, nítorí náà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Àlàájì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan kì í kà á sókè fún ẹnì kan mọ́. Kálukú ti ki tirẹ̀ bọ etí. Tí asọ̀rọ̀ bá sọ ohun tí kò bójú mu, ìyá àgbà wo ló máa gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀?

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n tún fẹ́ ti bodè, pé ó máa dára fún orílẹ̀-èdè. Bàbá mi ti lọ sinmi, ìyá mi ti di arúgbó. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú báàgì.

"Màámi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Àjàṣẹ́."

"Ṣebí ẹ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tì í?"

"Mo gbọ́. Ohun tí mo ṣe ń yára nìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ta ni yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo ní fóònù wà, kí wọ́n máa rí ara wọn nínú rẹ̀. Ó dì mọ́ báàgì rẹ̀.

"Ọjọ́sí, ẹ̀yin ni mo sáré wá bá," ó ní. "Ọ̀dọ̀ Máùtìn ló kàn."

Mo kó oògùn rẹ̀ fún un, mo sì sìn ín dé ìdí mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́, mo pè é. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín arúgbó méjì àti Ègùn tó ń yára ju etí mi lọ. Mo béèrè ìgbà tó máa padà. Ó ní ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ń kánjú.