Iná Sàùdátù ní Ẹ̀pẹ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìgbògbò, mo gbé àpò ìwé mi kọ́ apá, mo bọ́ sójú títì. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Àwọn ọmọ mi ti ní kí n jókòó sílé. Èmi náà ìbá jókòó, bí kò bá ṣe pé inú ń bí mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi yẹ kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ wò: ta ló ń wọ inú rẹ̀, kí ló ṣe níbẹ̀, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń korò lẹ́nu mi, a máa gba ìwé tí mo bá kọ, a fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ó fi wọ́n gòkè, lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ sinmi. Òun náà ló wá ta kọ̀ǹpútà tuntun fún ilé iṣẹ́ ẹja kan ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé iṣẹ́ náà ní kí n wá yẹ ẹ̀rọ yẹn wò, mo jó nínú yàrá mi. Mo ní ọjọ́ ẹ̀san dé.

Mo mọ ilé iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, yàrá yìnyín wọn gbóná, agogo ìkìlọ̀ kò dún, ẹja tó kún inú rẹ̀ sì jẹrà. Wọ́n rán èmi àti ọ̀gá mi lọ. Kọ̀ǹpútà a máa kọ orúkọ ẹni tó bá lò ó sílẹ̀. Lọ́ọ̀gì la ń pe àkọsílẹ̀ náà. Lọ́ọ̀gì ní Sàùdátù, obìnrin tó ń mójú tó yàrá yìnyín, ló pa agogo ní ọjọ́ Jímọ̀, ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Sàùdátù ní òun wà ní mọ́sálásí lákòókò yẹn. Mo ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bóyá ẹ̀yin ni ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè." Níwájú ọ̀gá mi! Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ mi dé gáréèjì Ìkòròdú. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọ̀nà ṣì ṣókùnkùn ní Ìtamàga, ihò sì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń forí sọ ara wa. Iwájú ni mo jókòó. Kámọ́rù, awakọ̀ wa, kò lè panu mọ́.

"Màmá, ìdájí yìí náà? Àbí bàbá kan ń retí yín ní Ẹ̀pẹ́ ni?"

"Ẹja ló ń retí mi."

"Ẹja kì í sá o. Ẹ ìbá sùn díẹ̀ sí i."

"Wo iwájú rẹ. Ihò yẹn fẹ̀ ju ẹnu rẹ lọ."

Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Àdàmọ̀ ni ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ìkùukùu sì bo oko ẹ̀gẹ́ ní ọwọ́ méjèèjì. Ní Ìtóìkín, àwọn obìnrin ti ń to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀bá ọ̀nà. N kò rí gbogbo ìwọ̀nyí rí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn yẹn, ọkọ̀ ọ̀gá mi la bá lọ. Aago mẹ́sàn-án la kúrò nílé, a yà jẹun lọ́nà, ọ̀sán gangan la dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, aago méje kò tíì lù tí mo fi dé ẹnu géètì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kúdí nìkan ló ti dé. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, ó sì lọ wọ bàtà rọ́bà. Mo jókòó sí igun kan. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà:

"Iná ta ni lónìí?"

"Iná Kúdí ni."

Wọ́n á lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ ìwọ̀n ẹja tàbí bí yàrá ṣe tutù tó, wọ́n á kúrò. Ẹnikẹ́ni kò tẹ orúkọ ara rẹ̀.

Mo pe Bàbá Músílíù, arúgbó tó ń ru yìnyín, tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Bàbá, iná wo lẹ ń sọ? N kò rí iná níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyáàfin ará Ìkòròdú! Níbi tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń dáná. Gbogbo àwọn tó kù á to ẹja tiwọn sórí iná yẹn, orúkọ rẹ̀ ni iná á sì máa jẹ́ títí alẹ́. Bí o bá dá tìrẹ lọ́tọ̀, o ń bú u nìyẹn, pé iná rẹ̀ kò dára tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é."

Ní Ìgbògbò tiwa, bí o bá fi orúkọ ẹlòmíràn pọn omi nídìí ẹ̀rọ, ìjà ni. Mo ronú bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo rántí lọ́ọ̀gì tí mo fi dá Sàùdátù lẹ́bi.

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ dé láyé ìjọ́sí?"

Ó wò mí dáadáa. Ó ti dá mi mọ̀. "Sàùdátù ni. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ibí ló ń gbà wá tààrà. Ojoojúmọ́ ni iná rẹ̀."

"Ta ló wá pa agogo?"

"Ọmọkùnrin kan tí ariwo agogo ń dí létí. Ó ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ dé lọ́sàn-án? Ẹ wọ ọ́fíìsì tó tutù, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ pe òun nìkan wọlé. Ta ni ká sọ ọ́ fún?"

Mo ṣe iṣẹ́ tí mo wá ṣe. Kọ̀ǹpútà tuntun tí ọ̀gá mi tà kò sàn ju ti àtijọ́ lọ, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tó tà á kò jókòó síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo rí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ń bá wí. Adùn ẹ̀san tí mo ti ń retí láti ọdún pípẹ́ kò dé ọ̀fun mi. Lẹ́bàá Ọjà Olúwo, mo ra ìkọ́kọrẹ́, iṣu ewùrà tí wọ́n fi ẹja yíyan sè, ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà. Ṣíbí méjì péré ni mo jẹ kí n tó dìde.

Bàbá Músílíù júwe ilé fún mi. Ìdílé Sàùdátù wà lára àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé àtijọ́. Wọn kì í tètè gbàgbé. Mo bá Sàùdátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀nà sára fìlà. Kò sí ẹni tó tún fún un níṣẹ́ nídìí ẹja.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá ẹ̀rọ tí kì í parọ́," ló wí, kò gbójú sókè.

Mo kúnlẹ̀. Ó ju fìlà sílẹ̀.

"Ẹ dìde, mà! Ẹ má fi àgbà dí mi lẹ́nu. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ báyìí, dandan ni kí n ní kò burú, ó sì burú."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Mo dìde. Mo sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ fún un, àti pé ṣe ló yẹ kó ṣàlàyé fún mi nígbà náà.

"Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ fẹ́: ṣé orúkọ mi nìyí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ pa ìwé dé." Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ìyá mi kú kó tó gbọ́ pé n kò ṣe é."

Ó wọlé, ó bu omi wá fún mi. "Àlejò la fi omi yìí ṣe. Ẹ má pè é ní ìdáríjì."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Kí n tó délé lọ́jọ́ náà ni ìròyìn ti dé Ìkòròdú pé mo ba ẹja jẹ́. Ẹ kọ èyí náà, kó rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ẹ kọ tiyín náà."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo padà dé Ìgbògbò. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wá ibi tí màá da ẹ̀bi sí: ọ̀gá mi tó ń kánjú, Bàbá Músílíù tó dákẹ́, ọmọkùnrin tó pa agogo. Kò sí èyí tó ti kálámù bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú wọn. N kò bọ́ gèlè mi tí mo fi jókòó, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Sàùdátù Bàlógun, ará Ẹ̀pẹ́, kọ́ ló pa agogo. Èmi, Àbẹ̀kẹ́ Ọdúnúgà, ará Ìgbògbò, ni mo kọ ọ́ pé òun ni. Ọ̀sán ni mo dé lọ́jọ́ náà.