Ẹni Tó Rí Súràjù Kẹ́yìn

Bí ẹ bá dé Tudu ní Accra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ Aflao ti ń kó èrò, tí ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù Rùkáyátù, kò sẹ́ni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Àmọ́ wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Mílíìkì, ṣúgà, sàdíìnì àti ọṣẹ ni obìnrin náà ń tà, kò sì sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín nínú ìyẹn. Ìbéèrè rẹ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí arúgbó ọkùnrin kan bá fi lè yà wá ra ṣúgà, Rùkáyátù kò ní tíì fún un lọ́jà tí yóò fi bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rí? Ṣé ẹ bá Alátà kankan pàdé níbẹ̀?" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Gánà. Bó bá jẹ́ Twi lẹni náà gbọ́, á fi Twi bi í. Bó bá jẹ́ Gã, á fi Gã bi í. Àwọn tó kù, á fi Hausa bi wọ́n. Ogún ọdún gbáko ló fi ń bi wọ́n, ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi ń mi orí.

Ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀, ó jogún rẹ̀ ni. Fáòsíà ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bèèrè. Lọ́dún 1942, nígbà tí ogun Hítílà gbóná janjan, Súràjùdéènì ọkọ Fáòsíà gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó kòkó àti epo lọ sí Liverpool. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tó ń mú ọkọ̀ rìn. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Rùkáyátù nígbà náà. Bàbá rẹ̀ gbé e sókè, ó ní oṣù márùn-ún péré lòun ó lò, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà, kò sí àrokò, kò sí òkú. Nígbà tí Fáòsíà lọ bá àwọn tó gbà á síṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí Súràjùdéènì kankan nínú ìwé àwọn. Báwo ni wọn yóò ṣe rí i? Orúkọ tó bá ṣáà ti rọ akọ̀wé lẹ́nu ló ń kọ fún àwọn tó ń kó èédú.

Ó wá ku méjì. Bóyá àwọn Jámánì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi dọdẹ ọkọ̀ akẹ́rù kiri nígbà náà, ti ri ọkọ̀ rẹ̀. Bóyá sì ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Liverpool láyọ̀, tí Súràjù rí obìnrin òyìnbó kan, tó sì gbàgbé ilé. Kì í ṣe òun ni ìbá kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Mísbáù, tó ń ta abọ́ rọ́bà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Rùkáyátù, èyí kejì ló gbà gbọ́, kì í sì í fi pamọ́. "Rùká," á ní, "bàbá rẹ ò kú o. Àwọn àbúrò rẹ pupa fòò ń bẹ ní Liverpool, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Rùkáyátù náà á bá wọn rín in, nítorí ẹni tó bá bínú sí àwàdà Ìyá Mísbáù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi gbọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá ku òun nìkan, ọ̀rọ̀ náà a máa dùn ún dé eegun. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú àti ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́, kò sì mọ èyí tí òun jẹ́.

Àìmọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe fídáù fún Súràjù. Mùsùlùmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bí èèyàn wọn bá kú, wọn a kírun sí i lára, bó bá sì di ọjọ́ kẹjọ, wọn a jókòó ṣàdúà fún un. Nígbà tí ogun parí, àwọn àgbà wá bá Fáòsíà pé kó jẹ́ kí àwọn ṣe é, kó lè ráyè lọ́kọ mìíràn. Obìnrin náà fárígá. Ó ní, "Ẹnìkan kì í ṣàdúà òkú fún alààyè. Ẹni tó bá rí i pé ó kú, kó wá sọ ọ́ fún mi lójú ara mi." Kò lọ́kọ mìíràn títí ó fi kú.

Agídí rẹ̀ tó ga jù lọ ni ti ọdún 1969. Ìjọba fún gbogbo àlejò tí kò níwèé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré kí wọ́n fi jáde kúrò ní Gánà. Àwọn Yorùbá ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń ta ọjà ní ọ̀pọ̀, ọkọ̀ ń kó wọn lọ tọ̀sán-tòru. Fáòsíà jókòó tẹtẹrẹ. Ó ní, "Bí Súràjù bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lónìí, ta ni yóò júwe Ògbómọ̀ṣọ́ fún un?" Àfi bí ẹni pé kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni Súràjù ti wá! Ìyá Gã tó ni ilé tí wọ́n ń gbé ló ṣàánú wọn, tó fi wọ́n pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta, tó ń ti ojú fèrèsé gbé kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo sè àti ẹja fún wọn. Kí Ọlọ́run má gbàgbé ìyá náà. Gbogbo ẹbí ló pe Fáòsíà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: bí kò bá ṣe wèrè yẹn ni, n kò ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Lọ́dún 1983 tí Fáòsíà ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n ṣe fídáù bàbá rẹ, àfi bí ẹni tó rí i kẹ́yìn bá dé." Bí ìbéèrè ṣe di ti Rùkáyátù nìyẹn.

Ní 2003 tí à ń sọ yìí, Rùkáyátù ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́ lára, dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un. Òun nìkan ni Súràjù bí. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, Súràjù kò sì ju orúkọ lásán lọ létí wọn. Bí òun náà bá lọ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè mọ́, Súràjù yóò sì wà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ṣàdúà fún un títí ayé. Nítorí náà ló ṣe ń bèèrè bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Abena wà ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin Fante ni, ó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ Rùkáyátù lọ tà ní Lapaz. Ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá arúgbó kan wọlé, tí Rùkáyátù bi í léèrè, tí bàbá mi orí bí àwọn yòókù. Abena dúró.

"Maa Rùká, ọkọ̀ ojú omi wo lẹ ń bèèrè? Bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà ogun. Ọkọ̀ wọn rì. Ọ̀dọ̀ wa ní Chorkor ló wà."

Ẹ gbọ́ ná! Ọdún mẹ́fà ni Abena ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì ṣe kòńgẹ́ ìbéèrè náà rí. Ìyá àti ọmọ, àwọn arúgbó ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń bi léèrè láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kò sí èyí tó ronú rí pé arúgbó lè ní ọmọ-ọmọ obìnrin. Rùkáyátù kò tilẹ̀ dúró bínú sí ara rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó bá Abena wọ ọkọ̀ trotro, ó di Chorkor.

Egya Ansa, ìyẹn Bàbá Ansa, ni wọ́n ń pe arúgbó náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn dáadáa. Ẹ̀yìn ilé ló jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Rùkáyátù kúnlẹ̀ kí i, ó fi Twi sọ ohun tó bá wá.

"Kí lorúkọ Alátà náà?" ni bàbá bèèrè.

"Súràjùdéènì ni, Egya."

Bàbá ronú, ó mi orí. "Me ba, n kò mọ orúkọ yẹn."

Me ba, ìyẹn ni pé ọmọ mi. Rùkáyátù ti ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí yóò fi dìde nígbà tí bàbá tún la ẹnu.

"Alátà kan ṣáà wà lọ́dọ̀ wa, àwa méjèèjì la jọ ń kó èédú. Alátà náà la máa ń pè é, kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ mìíràn. Orúkọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni ti ọmọ tó fi sílẹ̀. Bó bá ti ń kó èédú, á máa fi kọrin. Olúgbódi. Olúgbódi."

Omijé lé ròrò sí ojú Rùkáyátù. Ọmọ tí wọ́n bá bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà ni Yorùbá ń pè ní Olúgbódi. Wọ́n ti gé ìka kẹfà rẹ̀ kó tó mọ ìrìn, kò sì sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Accra yìí àfi Fáòsíà, Fáòsíà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ogún ọdún. Ó na ọwọ́ òsì sí bàbá, ó fi àpá rẹ̀ hàn án. "Èmi ni, Egya. Èmi ni Olúgbódi."

Bàbá di ọwọ́ náà mú, kò sì fi sílẹ̀ títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Freetown ni ọkọ̀ abẹ́ omi yìnbọn lu ọkọ̀ wọn. Ibi tí iná wà gan-an lọta bá. Alátà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ tó jáde. Èèyàn kì í jẹ kẹ́ńkẹ́ kan tán láàárín ìgbà tí ọkọ̀ náà fi rì. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn tó kù lò nínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó rí wọn kó.

"Egya, ọkọ̀ yín kò dé Liverpool?"

"Kò dé ibì kankan, me ba."

"Alhamdulillah!" Rùkáyátù pàtẹ́wọ́, ó tún un wí, ó tún un wí, "Alhamdulillah!" Abena wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n inú Rùkáyátù dùn, kò sì tijú. Bàbá òun kú, kò kọ òun sílẹ̀. Orúkọ òun ni ó ń fi kọrin nínú iná.

Bàbá ní òun wá àwọn ará ilé Alátà. Òun dé Accra lẹ́yìn ogun, òun bèèrè títí, ṣùgbọ́n Alátà pọ̀ ju iyanrìn lọ, òun kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó tún wá ní 1970, wọ́n ní gbogbo Alátà ti lọ, ó bá gbà pé ó parí. Ibẹ̀ ni Rùkáyátù ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ya wèrè. Ó wá bẹ bàbá pé kó wá jẹ́rìí níwájú àfáà. Bàbá ní òun ó wá, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan tí òun kò tíì sọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n ṣe fídáù Súràjù, ọdún kọkànlélọ́gọ́ta tó ti kú. Àfáà Mùktárù ló jókòó síwájú. Ó ní kí inú ọmọ rẹ̀ dùn, nítorí ẹni tó bá kú sómi, Ànábì ti kà á mọ́ àwọn ṣàhíìdì, àwọn tó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́run. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí Rùkáyátù kú àṣẹ̀yìndè, ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé àná ni bàbá rẹ̀ kú. Ìyá Mísbáù wọlé tìtìjú-tìtìjú. "Rùká, má bínú sí ẹnu mi." Rùkáyátù ní kó jókòó, ta ló bínú?

Àfáà ní kí ẹlẹ́rìí sọ ohun tó rí. Egya Ansa dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Twi ló fi sọ ọ́, ó sì yé gbogbo ilé.

"Ọ̀sán ni Alátà ń ṣiṣẹ́, èmi ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Ààwẹ̀ wọn wọlé. Nínú iná yẹn, kò mu omi. Ní ọjọ́ kejì tí mo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ lójú mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, jẹ́ ká pààrọ̀, kí n máa ṣe ti ọ̀sán, kí ìwọ máa ṣe ti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti jẹun. Bá a ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó mu omi, ó jẹ bísíkíìtì, ó kírun, ó sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yìnbọn lù wá. Ipò tèmi ló wà. Mo wá yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá nǹkan, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ó rí i, kì í rí i. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Mísbáù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Rùkáyátù dìde, ó lọ bá bàbá níbi tó dúró sí, ó kúnlẹ̀.

"Egya, láti ìgbà tí ẹ ti pààrọ̀, ṣé ó jẹ ààwẹ̀ kankan?"

"Kò jẹ ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló gbà."

"Ẹ ṣeun, Egya," ni ó wí. "Ẹ ṣeun o, tí ẹ jẹ́ kí bàbá mi gba ààwẹ̀ rẹ̀."

Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó ti ara rẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àwọn ọmọ olóòkú, Àfáà Mùktárù sì bẹ̀rẹ̀ àdúà.