Omi Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn omi ọkọ̀ tó gbóná jù máa ń dùn nímú díẹ̀, bí ṣúgà tó fẹ́ jó mọ́ ìkòkò. Ní Sátidé tó kọjá ni mo tún gbóòórùn rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Káyọ̀dé, àbígbẹ̀yìn mi, ló ń wà mí lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan, ni ọkọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, èéfín funfun yọ níwájú, ó di pé ká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọkùnrin náà sáré wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù kúláǹtì méjì jáde, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, èkejì pupa bí osùn.

Ó ní, "Mọ́mì, èyí tó pupa yìí wù mí jù."

Háà! Ṣé aṣọ lò ń rà ni? Mo ní kó mú ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá jáde, kó wo irú kúláǹtì tí àwọn tó ṣe é sọ pé ó ń lò, nítorí àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ṣe èyí lè pa á láró pupa, kí ẹlòmíràn pa irú rẹ̀ gan-an ní àwọ̀ ewé. Mo ní kó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti lú u mọ́mi tán àbí òun ni yóò lú u, kó má sì da irú méjì pọ̀, kí wọ́n má lọ dì bí ògì nínú ẹ́ńjìnnì. Mo tún ní kó jìnnà sí ìdérí yẹn títí ọkọ̀ yóò fi tutù, àyàfi bó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ din dòdò. Ó lanu sílẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní níbo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

N kò kọ́ iṣẹ́ kankan. Inú ilé tí wọ́n ti ń pa omi mọ́ fún ọkọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ fún àlejò lọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo jókòó síbẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń tutù, àárò ilé yẹn sì sọ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọmọ Oǹdó ni wá, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Bàbá mi ní ọkọ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ti ṣá. Àlòkù ni, ẹni tó ni ín ṣáájú ti fi ojú rẹ̀ rí màbo, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá mi. Nígbà náà, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ kúláǹtì. Omi ni gbogbo ọkọ̀ àdúgbò wa ń mu. Onítakisí á dúró létí odò, á fi agolo bu omi sí i, ó di ọ̀nà. Bàbá mi a máa wò wọ́n tàánú-tàánú. Ó ní omi kànga máa ń fi ìpẹ́pẹ́ funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́tùlù, kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe nínú rédíétọ̀? Ó ní omi odò ń ru ẹrẹ̀. Omi ẹ̀rọ, lọ́jọ́ tó bá wù ú láti wá, òórùn òògùn ló máa ń mú wá. Omi òjò nìkan ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í sì í ṣe gbogbo òjò. Àkọ́rọ̀ òjò kò sí nínú ẹ̀, torí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí páànù ló ń fọ̀. Ẹ jẹ́ kí òrùlé wẹ̀ ná, kó wẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni a tó lè gbé àmù síta.

Àmù náà dúdú, ó tóbi, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bàbá mi fi páànù bò ó, ó sì gbé òkúta lé e lórí. Àmù ọkọ̀ la máa ń pè é. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé góńgó, tí kànga ń pọn ẹrẹ̀, tí ìyá mi ń fi abọ́ kékeré wọn omi ìwẹ̀ fún wa, àmù ọkọ̀ á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀, a ò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó lójú kòkòrò, bàbá mi á ní, "Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, o lẹ́nu láti sọ. Ọkọ̀ ò lẹ́nu." Ìyá mi á dáhùn láti ilé ìdáná pé òun ti gbà, òun ti mọ̀ pé ọkọ̀ ni ìyálé òun nínú ilé yìí. Ẹ̀rín la máa ń rín, bàbá mi náà á rín in, ṣùgbọ́n kò ní bu omi náà fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, náà ń gbé pẹ̀lú wa. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni bàbá mi ti lọ kó o wá láti Oǹdó. Ó pẹ́ ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n èdè Oǹdó ló sọ títí dópin. Bí àwọn aládùúgbò bá pe ilé ní "ulé", á ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, á ní àwọn ará Àkúrẹ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Irọ́ lásán, ó gbọ́ ju àwa gan-an lọ. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó kí ènìyàn kankan, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á lára, á ní ó kú iṣẹ́ àná.

Ìyá Àgbà náà ló ń tọ́jú omi mímu wa. Omi odò ló mu dàgbà, álọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ń mú kí omi náà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi inú ọ̀rá ò lè mọ̀ ọ́n. Ó funfun bí iyọ̀ òkúta, a máa ń yí i nínú omi tó dọ̀tí, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, gbogbo ẹrẹ̀ á ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi á mọ́ gaara. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa ń kan lẹ́nu, ó sì máa ń fún ahọ́n pọ̀. Ìyá Àgbà gbà pé kò sí omi tó mọ́ títí álọ́ọ̀mù yóò fi kàn án.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ènìyàn kan wá láti Oǹdó. Ó ní Ìyá Fúnmi, àbúrò Ìyá Àgbà kan ṣoṣo tó kù láyé, ń ṣàìsàn, kò jẹun mọ́, kò sì béèrè ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó kàn wọ yàrá, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Bàbá mi ní kó fara balẹ̀, ilé ìwé yóò parí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí òun kọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ wo bí ara ìyá náà ṣe rí. Ìyá Àgbà ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí." Ní Sátidé, oòrùn ò tíì yọ tí a fi wà lọ́nà, Ìyá Àgbà níwájú pẹ̀lú ìgbín yíyan nínú abọ́ tó gbé lé ẹsẹ̀, torí àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn ìgbín. Èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn. Bàbá mi sì ti pọn kẹ́ẹ̀gì kan kún láti inú àmù ọkọ̀, ó gbé e sínú búùtù.

A ti dé Ọ̀wẹ̀nà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá afárá ni, nígbà tí òórùn yẹn dé. Èéfín bo iwájú ọkọ̀. Bàbá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó kòkó kan, ó dúró títí ó fi tutù, ó ṣí ìdérí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi kẹ́ẹ̀gì sí i. Bó ṣe ń wọlé lókè ló ń jáde nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, rédíétọ̀ ti lu bí ajere, ibi tó lu náà sì hu nǹkan funfun. Ìyá Àgbà yọrí láti inú ọkọ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè gan-an ló fọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi nàró. Ó bu díẹ̀ nínú omi tó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì sí àtẹ́lẹwọ́ láti fi bọ́jú, ó kàn án lẹ́nu, ó sì dúró gbọin. Ó tún fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, èmi náà tọ́ ọ wò. Ó kan, ó sì fún ahọ́n mi pọ̀. Omi òjò kì í kan. Àwa méjèèjì jọ gbójú sókè wo Ìyá Àgbà níbi tó jókòó sí pẹ̀lú abọ́ ìgbín rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti rí tanwíjí nínú àmù ọkọ̀, kò sì lè gbà kí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ máa mu ohun tí kò mọ́. Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó ti ń ṣí páànù yẹn tó ń ju álọ́ọ̀mù sí i, tí omi kíkan náà sì ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ìfẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ló ṣe é?"

Ẹ̀rù ń bà mí, torí bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ṣeré. Bàbá mi nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ó ti darúgbó ni, Ìyá. Ó máa ń rẹ irin náà." Ó wá fẹnu sún mọ́ mi létí, ó ní, "A ò mọ nǹkan kan o." Mo mi orí pé mo gbọ́.

Ló bá da ìyókù omi kẹ́ẹ̀gì sínú igbó. Ìyá Àgbà figbe ta pé omi tó mọ́ ló ń dànù yẹn. Bàbá mi ké sí àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun pọn omi. Omi odò! Omi pupa, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì ń yí. Ìyá mi wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Ó ní, "Baba Títí, ẹ́ńjìnnì yìí máa kú o." Bàbá mi ní, "Jẹ́ kó kú. Kó sáà gbé wa dé ná." Ó ha ọṣẹ tí àwọn obìnrin náà fún un sójú ibi tó lu, ó fi àkísà dì í, ó rọ omi odò kún un, a sì gbéra. A ò rìn jìnnà tó fi gbóná. A dúró, ó tutù, a tún rọ omi. A bu ti odò, a bu ti kòtò, a bu ti àgbàlá ẹni tí a ò mọ̀ rí ní Bọ́lọ́rundúró. Ẹ́ńjìnnì ń kan gbàgàgbàgà, bàbá mi di ìdarí mú, òógùn bò ó, Ìyá Àgbà sì ń rọra gbàdúrà lábẹ́nu, ó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọ Oǹdó. Iwájú ilé Ìyá Fúnmi gan-an ni ọkọ̀ náà kú sí, kò sì tún jí mọ́ títí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Fúnmi wà láàyè. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ní, "O pẹ́." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ará Oǹdó ni ẹ ń gbé jìnnà." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà gé ìgbín náà kéékèèké, ó fi í sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, ẹni tí kò jẹun mọ́ sì jẹ ẹ́. A fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ níbẹ̀, a wọ ọkọ̀ èrò padà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Fúnmi kú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá Àgbà padà sí Àkúrẹ́, ọkọ̀ náà padà, àmù ọkọ̀ sì wà níbi tó wà. Mo rò pé bàbá mi yóò gbé e kúrò ni. Kò gbé e. Ó ra àmù mìíràn, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ló sì ti ń bu omi fún ọkọ̀. Ìyá Àgbà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń fi álọ́ọ̀mù tọ́jú àmù ọkọ̀ tó wà nílé níkọ̀kọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, lójú rẹ̀, bàbá mi á pọn kẹ́ẹ̀gì kan nínú rẹ̀, á gbé e sínú búùtù, á sì lọ dà á sí gọ́tà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ kò bá tiwa, nítorí bàbá mi kò jẹ́ kó bá a.

Nígbà tí Ìyá Àgbà ń lọ, orí ẹní ló wà, gbogbo wa yí i ká. Ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, omi mi tó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi lọ́jọ́ náà. O ò mọ̀. Mo ti ń fi álọ́ọ̀mù sí i, n ò sọ fún ọ." Mo wo ojú bàbá mi. Kò ṣẹ́jú. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá. Omi yín náà ni. Ẹ ṣeun." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó sùn.

Ayé ti yí padà, n kò sì ní kó má yí. Kúláǹtì dára ju omi òjò lọ, kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kò sí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ nítorí rẹ̀. Káyọ̀dé ti ra èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, ó sì ti ń sáré bí àná. Ọ̀nà Oǹdó kì í gbà wá ní wákàtí kan bí ó bá dán. Ṣùgbọ́n àárò ọkùnrin yẹn ń sọ mí. Ó mọ omi tó dára ju gbogbo ará àdúgbò lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ omi ẹrẹ̀ sínú ohun tó fẹ́ràn, kí ìyá rẹ̀ lè rí ojú kan. Òun náà ti lọ, ìyá mi ti lọ. Èmi nìkan ló kù láyé tó mọ bí omi yẹn ṣe kan lẹ́nu.