Ìpè Tí Eléyín Gbà

Eyín ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Eléyín. Kì í ṣe pé eyín tirẹ̀ yọ síta o. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn tí eyín ti ká lẹ́nu wọn. Yàrá kótópó kan wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú eyín, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò yọ́ ìda, tí yóò po pilásítà, tí yóò sì máa ha eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ẹ̀rìgì ẹni tó ni ín mu. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ká sọ tòótọ́. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ parí sí náà nìyẹn.

Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀, ẹ ó rí i pé kọ̀ǹpútà àti àwọn àpótí ìpamọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ọn ti gba gbogbo orí tábìlì tó yẹ kí tọkọtaya máa jẹun lé. Fíìmù kún inú wọn fọ́fọ́, orin kún inú wọn, ìwé tí kò ní ṣí títí ayé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í wò wọ́n, kì í sì í gbọ́ wọn. Yóò fà wọ́n wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ wọ́n lórúkọ, yóò tò wọ́n, ó parí. Ọkùnrin tó ń ṣe eyín fún àwọn tó fẹ́ jẹun, òun fúnra rẹ̀ ń kó oúnjẹ jọ, kò sì gé e jẹ rí.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè ní Ilé. Wọ́n máa ń pín fíìmù àti orin láàárín ara wọn níbẹ̀. Èèyàn kò lè déédéé forúkọ sílẹ̀, àfi kí ọmọ Ilé kan fi ìpè ránṣẹ́ sí i, ìpè ọ̀hún sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Òfin wọn le. Ẹni tó bá mú àlejò wọlé ló ni ẹ̀ṣẹ̀ àlejò: bí àlejò bá ṣẹ̀, àtòun àtẹni tó pè é ni wọn yóò jọ tì síta. Eléyín ti ń wá ìpè yìí kiri láti ọdún mélòó kan. Ó ń bẹ àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ń pe àwọn ọmọdé tí kò tó àbúrò rẹ̀ ní ọ̀gá.

Kí ló wà nínú Ilé? Fíìmù kan náà tí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta ń fi sí fóònù ẹnikẹ́ni tó bá ní kó bá òun fi sí i. Eléyín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tan ara yín jẹ pé fíìmù ló ń wá. Ẹnu ọ̀nà ló ń wù ú. Ó wù ú kí òun wà nínú ilé, kí ẹlòmíràn wà níta, kí òun sì máa yọjú lójú fèrèsé wo ẹni tó wà níta. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ọ̀hún fún gbogbo ayé lọ́la, òun ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti ń ṣe eyín kí wọ́n tó bí i, bi í léèrè lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń dán eyín. "Kí ni wọ́n ń fún yín níbẹ̀ gan-an?"

"Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń fúnni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè wọ ibẹ̀."

"Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́."

Eléyín rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣàánú òpè.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú pálọ̀ ilé wọn. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi débi pé kò lè sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dáadáa mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jókòó sí bí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ ṣe gbólóhùn asọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ náà, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde tó fi àjákù aṣọ dì. Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá náà kú nígbà tí ìyàwó yìí ṣì kéré, kò ní ohun mìíràn tó jẹ́ tìyá ju kásẹ́ẹ̀tì yìí lọ. Bàbá rẹ̀ ló gba ohùn náà sílẹ̀ níjọ́ kan tí ìyá ń fi orin rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nílé sì ti kú tipẹ́.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ bá mi gbé e sínú fóònù kí ọmọ yìí tó dé. Orin náà, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni mo rántí. Ẹ̀kẹta ti fò mí lórí. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún ọmọ mi bí Màmá ṣe kọ ọ́ fún mi."

"Ṣé èyí náà le ni? Fi í sílẹ̀ fún mi," Eléyín dáhùn.

Kò tíì fọwọ́ kàn án tí ọ̀rọ̀ Ilé fi yọjú. Ọmọ Ilé kan tí wọ́n ń pè ní Adènà, tí Eléyín kò mọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kọ̀wé sí i: "Ìpè kan wà lọ́wọ́ mi. Kí lo ní tí ẹnikẹ́ni kò ní?" Eléyín tú gbogbo àpótí rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe rí i? Ọwọ́ gbogbo ayé ló ti kó wọn, ọwọ́ gbogbo ayé ni wọ́n sì wà. Ìgbà tó gbójú sókè ni ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan tí ìyàwó lọ fún àyẹ̀wò oyún, ó yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Eléyín kò tilẹ̀ gbọ́, Adènà ló ń kọ̀wé sí. Bí orin ti ń parí lọ, rédíò náà gbé téèpù mì, ó rún un wómúwómú. Eléyín fà á, ó já. Kò kà á sí, ó ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ó fi orin náà ránṣẹ́ sínú Ilé. Adènà bi í léèrè: "Ṣé kò sí níbòmíràn? Nínú kọ̀ǹpútà tìrẹ ńkọ́? Ohun tó bá wà níbi méjì kì í ṣe ẹ̀bùn. Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Àgbàlagbà tó fẹ́ di bàbá ọmọ, ẹni tí kò rí rí ní kó pa ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ rẹ́, ó sì pa á rẹ́! Ó ní ọmọ Ilé lòun á kúkú dà, ọjọ́ tó bá wu òun lòun á fà á jáde. Wọ́n bi í pé ta ló kọ orin náà. Ó mọ orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: ohun tí a kò mọ ẹni tó ni ín ló ń wù wọ́n jù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Obìnrin Àìmọ̀.

Ìpè dé. Ẹ̀yin náà ẹ wo ayọ̀! Eléyín wọ Ilé, ó ń kiri láti yàrá dé yàrá, ó ń ka orúkọ fíìmù bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Kò wo ọ̀kan. Orin ìyàwó rẹ̀ tó wà níbẹ̀ pàápàá, kò fà á jáde, ọ̀la ló ń dá fún un. Bí ìyàwó bá bèèrè, á ní, "Ohùn rẹ̀ ni kò mọ́ tó, mo ń tún un ṣe." Irọ́ funfun báláú!

Ìyà kan ló wá ń jẹ ẹni tó wọ ilé tí kò ní fèrèsé: ará ìta kò lè rí i. Ara Eléyín kò gbà á. Ó ya àwòrán ojú ìwé inú Ilé tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí òfin kọ̀ jálẹ̀jálẹ̀, ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì fóònù rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ bá mi yọ̀, mo ti wọ Ilé." Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí i: "A kí ẹ kú oríire o! Ilé tuntun á tura, wàá pẹ́ níbẹ̀. Yàrá mélòó ni? Ṣé ẹ ti gbẹ́ kànga?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń ṣe eyín jẹun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Ẹnì kan tóun náà ti ń wá ìpè tipẹ́ rí àwòrán náà, inú bí i, ó sì fi í han àwọn àgbà Ilé. Eléyín kò tíì dán eyín ọwọ́ rẹ̀ tán tí wọ́n fi tì í síta, tí wọ́n sì ti Adènà tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Adènà kọ sí i ni pé, "O ti ba tèmi náà jẹ́. Má kọ̀wé sí mi mọ́ láyé."

Ìgbà yẹn ló tó rántí orin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó bá fura sí pé ó jẹ́ ọmọ Ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun fa orin kan ṣoṣo jáde. Ẹnu ẹ̀bẹ̀ yìí ló wà tí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ.

Ọ̀sán ni wọ́n dé láti ilé ìwòsàn. Ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ gbé orin Màmá fún mi wàyí. Ẹ máà tún un ṣe mọ́, bó bá ṣe rí náà ni mo fẹ́ ẹ." Eléyín ń wò káàkiri. Ìyàwó na ọwọ́ mú fóònù ọkọ rẹ̀ láti wá a fúnra rẹ̀, èsì kan sì wọlé lójú rẹ̀: "A rí i níbí. Orin Obìnrin Àìmọ̀. Òfin kò gbà ká mú un jáde. Kí ló pa ìwọ àti obìnrin náà pọ̀?"

Ó kà á, ó tún un kà. "Ta ni Obìnrin Àìmọ̀?"

Irọ́ ti tán lápò, Eléyín jẹ́wọ́. Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣàlàyé bí ìpè náà ṣe ṣọ̀wọ́n tó.

"Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ó lọ fà á jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, téèpù rẹ̀ lọ́ mọ́ra rúdurùdu. Ìyàwó gbà á, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Kò pariwo, kò sì sunkún. Ọmọ ló bú sẹ́kún. Ó gbé e lé èjìká, ó ń mì í jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin:

"Ìyá lọ odò, ìyá á dé.
Ìyá lọ ọjà, ìyá á dé.
Ìyá lọ..."

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibi kan náà ló tún dúró sí. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tó kọ ọ́ kẹ́yìn," ó ní. "Níbo ni ìyá lọ lẹ́ẹ̀kẹta?"

Eléyín la ẹnu. Odindi orin náà ni ìyá kọ sí i létí lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.