Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Ṣì Gbọ́ Lẹ́nu Bàbá Casimiro

Wọ́n ní ará Jámánì ni. Wọ́n ní bàbá òyìnbó tí mo tọ́jú ní Arcella, àdúgbò kan ní Padova, ti pa èèyàn bí ẹni pa eṣinṣin nígbà ogun, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Sister Victory ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó bá mi gbé ẹrù dé ilé bàbá náà lọ́jọ́ kan, ó rí fọ́tò ọkùnrin kan tó dé fìlà ṣójà lára ògiri, kó sì tó sọ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti parí ìtàn náà. Nígbà tó fi máa di Sunday kejì, wọ́n ti ń gbàdúrà lé mi lórí.

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Ará Poland ni bàbá náà. Àwọn ará Jámánì ló bá jà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Sister Victory, ó ní, "Mummy Mofìyìn, ṣé ogun kan náà kọ́ ni?"

Mo ní, "Ogun kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ká mọ́lé àti ẹni tó wá ká a mọ́lé, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

Ó ní, "Gbogbo wọn ṣáà gbé ìbọn." Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pẹ̀lú Victory, kó kọ́kọ́ jẹun.

Casimiro ni àwọn ará Italy ń pè é. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, z pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí ẹnu mi lè gbé lọ, nítorí náà Bàbá ni mo ń pè é. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Poland tó jagun gòkè láti ìsàlẹ̀ Italy dé ìhà ibí. Nígbà tí ogun parí, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń ta wàrà lẹ́yìn Padova, ó sì dúró. Ó sọ fún mi pé àwọn ará abúlé bi ọmọbìnrin náà pé kí ló rí lára ṣójà tí kò nílé tí kò lọ́nà. Ọmọbìnrin náà ní, ó kéré tán, ìyá ọkọ ò ní yọ òun lẹ́nu.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní fákítìrì kan ní Marghera, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló ń gbé e lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Gabriele, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Novara, ìlú tó jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Gabriele ń wá. Ìyàwó ti kú lọ́dún mọ́kànlá kí n tó dé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ badante, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, níbẹ̀, ọdún méjì kí kòrónà tó dé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni bàbá náà, ilé rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Mo máa ń dé ní aago méje àárọ̀, mo máa ń lọ ní aago méje ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń bẹ ọmọ rẹ̀ fún: kó má gbé òun kúrò nílé náà. Gabriele gbà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe tó fi àdéhùn sí i. Ó ní, "Papà, bí orí yín bá ṣì pé, ibí lẹ máa wà. Ọjọ́ tí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ wà mọ́, Novara ni." Casa di riposo kan wà ní Novara, ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó jọ sí. Bàbá ní, "Mo mọ ibi tí mo wà. Ìwọ ni mi ò mọ ibi tó ò ń wà láti oṣù dé oṣù." Gabriele rẹ́rìn-ín, ó sì wo ilẹ̀.

Bó ṣe di ọdún kejì, Italian bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín. Orúkọ ṣíbí ló kọ́kọ́ lọ, ti ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e. Èdè Poland ló ń wọlé síbi tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Gabriele ò gbọ́ ẹyọ kan, torí ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n fi èdè ṣójà ba ẹnu ọmọ náà jẹ́. Bàbá á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn tó létò, á wá dákẹ́ láti gbọ́ èsì. Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Á yí ojú sí fèrèsé, á máa wo tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro, tó ń kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́, màá délé, màá ní, "Mofìyìnfólúwa, gbé omi kaná." Ọmọ mi á ní, "Dopo, mamma," tó bá yá. Yorùbá ni mo sọ, Italian ló fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ọdún yìí wá. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo jókòó ti omi yẹn, tí mo ń ronú pé bí èmi náà bá pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní ìlú yìí, ta ló máa gbọ́ mi?

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Bàbá ti wọ́ tábìlì oúnjẹ dí i, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, lé e lórí. Wákàtí méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn kó tó sún un díẹ̀, tí mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó jókòó ti tábìlì náà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ile?"

Mo dúró. Ó tún ní, "Ile? Ile?"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, kí lẹ máa gbọ́? Mo ní, "Ẹ wà nílé, Bàbá. Ilé yín nìyí. Casa vostra." Ó mi orí, ó tún bi mí. Mo bá gbà lọ́kàn mi pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi èdè mi sí i lẹ́nu, kí ẹnì kan lè gbọ́ ọ láyé yìí. Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi omijé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo sì pe Gabriele. Mo ní, "Signor Gabriele, papà ń béèrè ilé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sílé."

Ó ní, "Inú ilé rẹ̀ ló ti ń béèrè ilé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun, signora." Mo rò pé ire ni mo ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti buwọ́ lu ìwé ní Novara. Bẹ́ẹ̀dì máa ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún Bàbá lórí fóònù, ó yé Bàbá yékéyéké. Kò jà. Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì mu brodo, omi ẹran tí mo sè, lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì.

Inú tram ni àṣírí ti tú. Obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èdè Bàbá gẹ́lẹ́, mo sì gbọ́ ọ nínú rẹ̀: ile. Mo fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Badante ni òun náà, ará Poland, ìyá àgbà kan ló ń tọ́jú ní òpin Arcella lọ́hùn-ún. Mo ní, "Signora, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ile lédè yín?"

Ó ní, "Mélòó."

Mo ní, "Kì í ṣe ilé?"

Ó ní, "Dom ni ilé. Ile, mélòó ni. Èèyàn mélòó, ẹyin mélòó." Ó wò mí bóyá orí mi pé. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀, mi ò mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tẹ̀ lé mi lọ. Bó ṣe kí Bàbá, ẹ̀yin ará, ọkùnrin yẹn dìde dúró. Ó fa àga fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ títí brodo fi di yìnyín. Obìnrin náà ń sọ ọ́ fún mi ní Italian bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé carro armato, kò yé mi, mo pe Mofìyìn lórí fóònù, ó ní, "Tank, mamma." Èmi tó jẹ́ táǹkì omi dúdú orí òrùlé ni mo mọ̀! Mo ń rò ó pé báwo ni àwọn ará Jámánì ṣe ń yí táǹkì omi bọ̀ wá jagun, àfi ìgbà tí obìnrin náà fi ọwọ́ ya ìbọn gígùn orí rẹ̀ fún mi.

Ìlú olódi kan ni, Brześć lorúkọ rẹ̀, odò yí i ká. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá. Ọkọ̀ ogun onírin àwọn ará Jámánì ń bọ̀ bí eṣú. Àwọn ará Poland inú odi ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ògbólógbòó ni, wọ́n bá fi wọ́n dí ẹnubodè, bí ẹni fi tábìlì dí ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí apá ò ká a mọ́, wọ́n ní kí gbogbo wọn gba orí afárá jáde. Sájẹ́ǹtì ní kí Bàbá dúró lẹ́bàá afárá, kó máa ka àwọn ẹgbẹ́ tiwọn bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n gbé kíkà náà lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ó kà dé ọgbọ̀n lé díẹ̀. Bọ́ǹbù bọ́, ó ṣubú, iye náà sì fọ́n ká lórí rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó rí i pé àwọn kan ti kọjá, bóyá àwọn kan kò tíì kọjá, kò mọ̀. Sájẹ́ǹtì dé, ó ní, "Ile?" Bàbá ní mọ́kànlélógójì. Iye tó wá sẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní ó pé, wọ́n sì lọ. Bóyá ẹnì kan ṣẹ́ kù sínú odi, bóyá kò sẹ́nì kankan, títí dòní kò mọ̀. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ọmọ.

Mo pe Gabriele lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní èmi ni mo ṣì í gbọ́, pé orí bàbá rẹ̀ pé. Ó wá ní Sátidé. Obìnrin Poland náà tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, Gabriele sì jókòó, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ dìde, signora. Ẹ̀bi yín kọ́. Mo ti ń wá ìdí tipẹ́. Ẹ̀yin kàn fún mi ní ọ̀kan."

Mo ní, "Ṣé ẹ máa wá fi wọ́n sílẹ̀ síbí báyìí?"

Ó ní, "Tó bá tún fi tábìlì dí ilẹ̀kùn, tó ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹ lè máa sùn níbí?"

Mo ní mo ní ọmọ nílé. Mo wo ilẹ̀. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo sọ nǹkan mìíràn. Bàbá wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó gbọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, kùrukùru bo ojú pópó. Bàbá ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Italian rẹ̀ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Gabriele gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, èmi di Bàbá lápá mú lórí àtẹ̀gùn, a ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ mo de bọ́tìnnì kóòtù fún un, mo sì ní kó forí jì mí, pé ẹnu mi ló lé e kúrò nílé.

Ó gbá ọwọ́ mi mú títí mo fi dákẹ́. Ó ní, "Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń ka èèyàn níbẹ̀, signora. Bí iye bá dín, kì í ṣe èmi ni wọ́n máa bi."