Ẹni Tí Yóò Tẹ̀lé Pósí

Iṣẹ́ ló sọ ìdílé wọn lórúkọ. Baba ńlá wọn máa ń kan àgbá kẹ̀kẹ́, ni àwọn ará abúlé bá ń pè é ní Rademacher, ẹni tó ń ṣe àgbá kẹ̀kẹ́. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọmọ àti ọmọ ọmọ. Bàbá Evert tó jogún rẹ̀ fi yangàn títí ó fi darúgbó. Hinnerk nìkan lọmọ tí ikú ṣẹ́ kù fún un.

Ìfẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Gesche tí Hinnerk fẹ́ràn ló jogún oko Diekmann létí adágún, ní Westphalia wa níbí nílẹ̀ Jámánì, ọkùnrin tó bá sì fẹ́ ẹni tó jogún oko, orúkọ oko ni yóò máa jẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ ọba.

"O fẹ́ lọ di Diekmann, ará etí adágún?" ni Bàbá Evert wí. "Ọ̀pọ̀lọ́ náà kúkú ń gbébẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Baba. Orúkọ lásán ni. Ọmọ yín náà ni mo ṣì jẹ́."

"Orúkọ lásán, àbí? Tí mo bá kú, ta ni yóò tẹ̀lé pósí mi?"

"Èmi ni, Baba. Mo ṣèlérí."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Hinnerk fẹ́ Gesche, ó sì di Diekmann. Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kan péré ló pààlà sáàárín ilé bàbá àti oko náà, síbẹ̀ bàbá kò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ títí tó fi kú nígbà òtútù ọdún yẹn gan-an.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn oko tó sún mọ́ òkú jù ló ń gbé e. Ẹbí kì í fọwọ́ kan pósí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn. Bàbá Lübbert, àgbà àdúgbò, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ àwọn oko tí yóò gbé pósí.

"Holtkamp! Brüning! Diekmann!"

Hinnerk kò mira.

"Diekmann, ṣé etí ẹ di ni?"

"Baba mi ló wà nínú ẹ̀, Bàbá Lübbert. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tẹ̀lé e."

"A mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n oko Diekmann ò kọ òkú aládùúgbò sílẹ̀ rí. Tó o bá kọ̀ lónìí, ta ni yóò gbé ìyàwó ẹ lọ́jọ́ tiẹ̀?"

Hinnerk wo Gesche. Ìdí ààrò ilé olóògbé ló wà pẹ̀lú àwọn ìyàwó aládùúgbò yòókù, ó ń gé búrẹ́dì dúdú fún àwọn tó máa gbé pósí, oyún inú rẹ̀ ti yọ. Kò gbójú sókè. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù mú Hinnerk, ó sì ti èjìká bọ abẹ́ pósí.

Nígbà tí wọ́n yà níbi ilé ọlọ tí abúlé ti ń lọ ọkà, ó bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó kù ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, oko tẹ̀lé oko, bí àṣà ṣe wí. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ olóògbé lẹ́yìn pósí gan-an. Kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀.