Àtẹ̀gùn Mùsíyè Waliou

Nígbà tí Sàlámọ̀ ṣì ní ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè bá a rìn. Ẹ̀kọ ni ó ń tà ní ọjà Ouando. Láti Dowa ni yóò ti ru igbá ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn kan sì búra pé ó máa ń dé ọjà kí ọjà fúnra rẹ̀ tó dé.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 yìí, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún méjèèjì ti kú, ìdí ni ó fi ń wọ́ káàkiri yàrá. Ọkọ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ti ṣáájú ọkọ lọ. Gààrí tí Mouïnatou aládùúgbò rẹ̀ bá bù fún un ni ó ń mu. Lọ́jọ́ tí Mouïnatou kò bá ní, omi ni.

Ni wọ́n bá kéde pé ìjọba ń pín ìyẹ̀fun àgbàdo, òróró àti wàrà oníyẹ̀fun fún arúgbó àti abirùn. Ọ̀sán Jímọ̀ ni wọn yóò pa ìwé orúkọ dé. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tí ń bọ̀. Sàlámọ̀ mọ ara rẹ̀. Kò rò pé gààrí lásán lè gbé òun dé ọdún tí ń bọ̀.

Ọlọ́gbọ́n tí ó ṣètò ọ̀hún wá gbé bùrò, ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, sí òkè ilé alájà. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ni. Ẹni tí ó bá ní kò tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kò dùn ún rí ni. Arọ, afọ́jú, arúgbó, kí kálukú gòkè wá fi ara rẹ̀ hàn. Akọ̀wé tí ó jókòó síbẹ̀ ni Waliou, Mùsíyè Waliou, bí Faransé ti ń pe ọ̀gbẹ́ni, ọmọ Dowa tí ó gbàgbé Nàgó, èdè ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ so táì mọ́rùn. Lọ́fínńdà tí ó ń dà sára, eṣinṣin tí ó bá bà lé e kì í fò mọ́.

Òfin rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí kò bá gòkè, kò wá nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì gòkè, ara rẹ̀ le. Kí ni ó fẹ́ fi oúnjẹ abirùn ṣe? Lọ́jọ́ Àlàmísì, Souaïbou afọ́jú di ògiri mú títí ó fi dé òkè. Waliou wò ó, ó ní ẹni tí ó mọ̀nà dé ọ̀dọ̀ òun ríran, ó sì fa igi lé orúkọ rẹ̀ lórí.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Mouïnatou gbé Sàlámọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àgbọn, ó tì í dé ìdí àtẹ̀gùn, ó sì gòkè lọ bẹ Mùsíyè. Kò pẹ́ tí ó fi padà.

"Kí ni ó wí?"

"Ó ní kí ẹ gòkè wá, Ìyá."

"O ò sọ fún un pé n kò lẹ́sẹ̀ ni?"

"Mo sọ fún un. Ó ní kí ẹ kọ ìwé pé ẹ kò lè gòkè, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín mú ìwé náà gòkè wá."

Sàlámọ̀ gbójú sókè wo fèrèsé. "Mùsíyè wo nìyí? Ṣé ti ilé ọkọ mi náà ni?"

"Òun náà ni."

"Gbé mi kalẹ̀."

Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ni ó ń pè é, yóò sì fún un ní orúkọ mìíràn. Sàlámọ̀ ti dàgbà díẹ̀ kí ó tó fẹ́ ọkọ tí ó fẹ́ gbẹ̀yìn. Lọ́dún tí ó wọlé, Waliou, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, ń rákò, ikun imú ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní eyín méjì péré, Sàlámọ̀ sì sọ ọ́ ní Eyínafẹ́.

Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tẹríba, ó sì fi ohùn ẹlẹ́kọ tí àwọn tó wà ní Adjarra lọ́hùn-ún gbọ́ kígbe sókè:

"Eyínafẹ́, ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Ìyàwó yín ló kúnlẹ̀ síbí. Ẹ má bínú pé ìkúnlẹ̀ náà kò gún, ẹsẹ̀ ni."

Fèrèsé ṣí. Mùsíyè yọrí, ó sọ Faransé gígùn kan.

"Ọkọ mi, èyí tí ẹ sọ yẹn kò yé mi. Nígbà tí mò ń nu ìdí yín, Nàgó lẹ fi ń sunkún."

Àwọn ènìyàn ti ń dúró. Kadidjatou tí ó ń ta ata lójú títì gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ìyàwó ilé wọn ló wà nínú ẹrẹ̀ yẹn?"

"Òun ni," ni Mouïnatou wí. "Ọkọ ń gbatẹ́gùn lókè."

Gbogbo wọn mọ bí ó ti rí. Ìyàwó ilé tí ó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí ọkọ yóò fi dá a lóhùn, ọkọ kì í sì í ti ojú fèrèsé dá a lóhùn bí ẹni ń lé adìyẹ. Bí Waliou bá pa fèrèsé dé, kí alẹ́ tó lẹ́, wọn yóò ti máa bi ìyá rẹ̀ léèrè bí ó ṣe tọ́ ọ.

Mùsíyè sọ̀kalẹ̀. Ó ń gbé bàtà rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má kàn án.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ ń ṣe mí báyìí?"

"Mò ń kí yín ni. Ó ku ìyẹ̀fun."

"Kò burú. Ẹ gòkè wá kí n..."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Òun ni ó gòkè lọ gbé ìwé. Ó gbàgbé tàdáwà tí arúgbó yóò fi tẹ̀ka, ó tún gòkè. Ó gbé tàdáwà dé, ìyẹ̀fun wà lókè. Nígbà tí yóò fi gòkè lẹ́ẹ̀kẹta, táì rẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìn ọrùn, lọ́fínńdà ti di òógùn.

Sàlámọ̀ tẹ̀ka, ó gba àpò rẹ̀, kò sì kúrò níbi tí ó kúnlẹ̀ sí.

"Kí ló tún kù, Ìyá?"

"Souaïbou, ọkọ mi. N kò tíì dìde."

Waliou wo àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn wò ó. Ó kọ orúkọ afọ́jú náà padà. Nígbà tí ó rí i pé arọ mẹ́ta mìíràn ti ń wọ́ bọ̀, tí ìyá àgbà kan sì ti ń bèèrè bóyá ọmọ ilé ọkọ òun ni akọ̀wé kejì tí ó wà lókè, ó ní kí wọ́n gbé tábìlì sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé lọ́sàn-án, Waliou sọ fún un pé òun ló rò ó, nítorí àánú.

Mouïnatou ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sí Dowa. "Kò burú jù náà, Ìyá. Ó kúkú sọ̀kalẹ̀."

"Ojú ló tì í sọ̀kalẹ̀," ni Sàlámọ̀ wí, ó di àpò ìyẹ̀fun mọ́ra. "Òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lókè. Ti kẹ̀kẹ́, ebi ń pa mí."